Ohun Tó Mú Ẹjọ́ Lasmi Fúyẹ́

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó," ni Wening, lọ́yà tí ìjọba fún wọn, sọ sí Ngatiran létí. "Tẹ́ ẹ bá lanu báyìí, ẹ̀yin méjèèjì ni yóò wẹ̀wọ̀n."

"Kò mọ nǹkan kan! Èmi ni mo gba ẹrù yẹn."

"Mo mọ̀, bàbá. Ọwọ́ ta ni wọ́n ti bá a?"

Ngatiran jókòó. Lasmi ìyàwó rẹ̀ nìkan ló wà lórí àga ẹlẹ́jọ́ níwájú, nínú aṣọ funfun, ó kẹ́yìn sí i.

Danar, ọmọ wọn kan ṣoṣo, ló wà lẹ́wọ̀n ní ìlú Kediri. Òun ló ní kí bàbá òun bá ìyá ọ̀rẹ́ òun kan fi tẹ́ńpè, oúnjẹ tí wọ́n fi ẹ̀wà sóyà ṣe, ránṣẹ́ sí ọmọ tirẹ̀ tí wọ́n jọ wà lẹ́wọ̀n. Ọkùnrin kan gbé e wá sẹ́nu ọ̀nà, ó fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wé e dáadáa. Ta ló ń tú ẹrù ẹlẹ́rù wò ládùúgbò wọn? Ìwà àìlẹ́kọ̀ọ́ gbáà ni. Ngatiran tì í sínú agbọ̀n oúnjẹ tí ìyàwó rẹ̀ ń gbé lọ bẹ Danar wò. Àwọn wọ́dà ló tú u, wọ́n bá oògùn olóró láàárín ẹ̀wà.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Lasmi ní òun ò mọ̀. Adájọ́ fajú ro. "Ìyá, ṣé ẹ fẹ́ máa lọ́ ọ̀rọ̀ mọ́ wa lọ́wọ́ ni?" Wening sì ti kìlọ̀ fún wọn: ẹni tó bá ń lọ́ ọ̀rọ̀, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ á gùn sí i, ẹni tó bá jẹ́wọ́, wọ́n á ṣàánú rẹ̀. Wọ́n wá pe Danar jẹ́rìí. Ó ní òun ò mọ ohunkóhun, kò sì gbójú sókè wo ìyá rẹ̀. Lasmi wo ọmọ náà títí. Nígbà tí wọ́n tún bi í léèrè, ó ní, "Mo mọ̀, Olúwa mi. Èmi nìkan ni. Kò sẹ́ni tó gbé e fún mi."

Lónìí, adájọ́ ń ka ìdájọ́.

"Ohun tó mú ẹjọ́ náà wúwo: ó gbé oògùn olóró wọ ibi tí a ti ń tún ọmọ ènìyàn ṣe. Ohun tó mú un fúyẹ́: kò rú òfin rí, ó bọ̀wọ̀ fún ilé ẹjọ́, ó sì sọ òtítọ́."

Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Ó ń ṣe Ngatiran bí ẹni pé kó ké.

"Ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún. Ìyá, ṣé ẹ fara mọ́ ọn, àbí ẹ fẹ́ lọ rò ó ná? Òfin fún yín láyè ọ̀sẹ̀ kan."

Ọ̀sẹ̀ kan! Ngatiran ti dìde kó tó mọ̀. "Olúwa mi, ẹ jọ̀ọ́, èmi..."

"Mo fara mọ́ ọn," ni Lasmi pariwo, ó bo ohùn ọkọ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Adájọ́ kan òòlù mọ́ tábìlì.

Bí wọ́n ṣe ń mú un kọjá, ó dúró díẹ̀. "Bàbá Danar, ẹ má gbàgbé oúnjẹ ọmọ yẹn lọ́jọ́ ìbẹ̀wò. Kò fẹ́ràn ata púpọ̀."

"Ìwọ ńkọ́?"

"Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ."

Ngatiran mi orí pé òun ti gbọ́. Gbogbo ọdún tí wọ́n ti fẹ́ra wọn, òun fúnra rẹ̀ kò tíì dáná oúnjẹ rí.