Kánsẹ́lọ̀ Tó Jókòó sí Ìsàlẹ̀

Lọ́dún 1976, nígbà tí ìjọba ológun ní kí àwọn aráàlú dìbò yan ẹni tí yóò máa ṣojú wọn ní kánsù, ọ̀rẹ́ mi Àràmídé ní òun máa dupò. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni nígbà náà. Tíṣà ni nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan lọ́nà Muṣin. Èmi Ìdíátù sì ń ránṣọ nínú ṣọ́ọ̀bù tó dojú kọ ilé wọn. Àìsàn rọpárọsẹ̀ ti mú un láti ọmọ ọdún mẹ́rin, kò sì fi ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe bá a. Ọ̀pá méjì ló máa ń kì bọ abíyá tó bá ń rìn, síbẹ̀ ó máa ń yá ju èmi lọ, torí pé kò sẹ́ni tí mi ò ní í dúró kí lọ́nà.

Bàbá rẹ̀, Bàbá Ambrose, tí wọ́n ti ṣe akọ̀wé ní réluwé títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, ò fẹ́ gbọ́ ọ sétí. Àgbà ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ni wọ́n, wọn kì í pariwo. Wọ́n kàn bọ́ awò ojú wọn, wọ́n ní, "Àràmídé, àwọn èèyàn á fi ẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Mi ò lè gba ìyẹn mọ́ra."

"Wọ́n ti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ rí, Bàbá," ni Àràmídé dáhùn. "Mo ti mọ bó ṣe ń rí. Ohun tí mi ò tíì mọ̀ ni bí ìbò ṣe ń rí."

Ẹni tí wọ́n jọ ń du ipò náà ni Àlàájì Yẹ̀kínnì, tí wọ́n ń ta pákó. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni wọ́n, ọwọ́ wọn sì là. Lọ́jọ́ tí àwọn méjèèjì lọ bá àwọn mẹkáníìkì sọ̀rọ̀ ní ọgbà wọn, Àlàájì ló kọ́kọ́ dìde. Wọ́n ní, "Ọmọ dáadáa lọmọ yẹn, mo fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kánsù, iṣẹ́ àrìnkiri ni. Ẹ jẹ́ kó máa sinmi."

Ó wá kan Àràmídé. Ó fi ọ̀pá rẹ̀ ti ilẹ̀, ó wo gbogbo wọn yíká.

"Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ṣé eré ìje lẹ fẹ́ rán mi lọ sá ni, àbí ọ̀rọ̀ lẹ fẹ́ rán mi lọ sọ? Tó bá jẹ́ eré ìje ni, ẹ dìbò fún Àlàájì."

Ikùn Àlàájì máa ń ṣíwájú wọn wọlé ni. Àwọn mẹkáníìkì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn, Àlàájì gan-an sì ń rẹ́rìn-ín, wọ́n di ikùn mú. Nígbà tí ìbò dé, Àràmídé fi ìbò mọ́kànlélógójì borí.

Ilé alájà kan ni kánsù ń lò, òkè sì ni yàrá ìpàdé wà. Àtẹ̀gùn méjìlélógún ni, kò sì sí ohun téèyàn lè dì mú. Lọ́jọ́ ìpàdé àkọ́kọ́ tí mo bá a lọ, Ọ̀gbẹ́ni Sylvester, akọ̀wé kánsù, ti dúró dè wá nísàlẹ̀ pẹ̀lú méṣẹ́njà méjì.

"Ẹ má dààmú, Tíṣà," ló wí. "Àwọn wọ̀nyí á gbé yín gòkè."

Àràmídé kí àwọn méṣẹ́njà náà dáadáa. "Ẹ ṣeun, sà," ló sọ fún akọ̀wé, "ṣùgbọ́n wọn ò ní í gbé mi. Tí wọ́n bá gbé mi lónìí, wọ́n á gbé mi lọ́la. Lọ́jọ́ tí mo bá sọ ohun tí kò dùn mọ́ ọ̀gá yín nínú, ta ni á gbé mi? Ẹ tún yàrá kan ṣe nísàlẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ máa sọ̀ kalẹ̀ wá bá mi."

Wọ́n rò pé àwàdà ni. Ọ̀gbẹ́ni Sylvester gbé ìwé ìbúra wá bá a, ó búra níbẹ̀, àwọn yòókù sì gòkè lọ. Àràmídé jókòó sórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ igi frúùtù tó wà lójúde. Bó ṣe ṣe ní Sátidé àkọ́kọ́ nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe ní ìkejì. Á dé ní aago mẹ́sàn-án, á kọ èrò rẹ̀ sínú ìwé, á ní kí méṣẹ́njà gbé e gòkè. Kò sẹ́ni tó kà á.

Èmi fúnra mi bẹ̀ ẹ́. Mo ní, "Jẹ́ kí wọ́n gbé ẹ lẹ́ẹ̀kan péré."

Ó ní, "Ìdíátù, ṣé ìwọ á gbà kí ọkùnrin méjì gbé ẹ bí àpò ìrẹsì lọ síbi tó o ti fẹ́ lọ bá èèyàn jiyàn?"

Mi ò tún bẹ̀ ẹ́ mọ́.

Kánsẹ́lọ̀ mọ́kànlá ni gbogbo wọn. Òfin sì ni pé bí wọn ò bá pé méje, ìpàdé ò lè wáyé. Ní Sátidé kẹta, méjì ti lọ síbi ìsìnkú ní Ìjẹ̀bú, ibà dá ẹnìkan dùbúlẹ̀, ìyàwó ẹnìkan sì ń rọbí. Mẹ́fà ló kù lókè. Bẹ́ẹ̀, ìwé nípa àwọn òpópónà tó ní omi ẹ̀rọ, tí ìjọba ní dandan ni kó dé ọwọ́ àwọn lọ́jọ́ Ajé wà níwájú wọn.

Alága, Ọ̀gbẹ́ni Kọ́lápọ̀, jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè, ó wo ìsàlẹ̀. Ìkeje wọn ló rí lórí bẹ́ǹṣì, tó ń bó ẹ̀pà jẹ. Ó sọ̀ kalẹ̀ wá.

"Tíṣà, ẹ jọ̀wọ́, ọ̀rọ̀ omi ni."

"Ọ̀rọ̀ omi náà ni mo bá wá, sà. Láti aago mẹ́sàn-án ni mo ti dé."

Ọ̀gbẹ́ni Kọ́lápọ̀ gbójú sókè sí àwọn tó kù. Ó ní kí wọ́n máa gbé àga bọ̀.

Báyìí ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ ìpàdé lábẹ́ igi. Kò pẹ́ tí èrò fi pé: àwọn tó ń ti ibi omi bọ̀ sọ garawa kalẹ̀, àwọn mẹkáníìkì nu ọwọ́ wọn wá. Ọ̀gbẹ́ni Jethro, kánsẹ́lọ̀ kan tó máa ń sùn lókè láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ò lè sùn lọ́jọ́ náà, torí pé ìyàwó rẹ̀ wà láàárín èrò. Nígbà tí wọ́n ka orúkọ àwọn òpópónà tó lómi, obìnrin kan ní irọ́ ni, ẹ̀rọ tiwọn ti gbẹ láti ọdún tó kọjá. Wọ́n tún ìwé náà kọ lójú ẹsẹ̀.

Àlàájì Yẹ̀kínnì náà wà lẹ́yìn. Wọ́n nawọ́.

"Ọdún mẹ́fà rèé tí mo ti débí gbẹ̀yìn," ni wọ́n wí. "Kì í ṣe pé mi ò lọ́rọ̀ láti sọ. Orúnkún mi ni ò gbà fún àtẹ̀gùn yẹn. Ojú ló ń tì mí láti sọ ọ́."

Àràmídé yí sí wọn. "Àlàájì, ká ní ẹ̀yin lẹ wọlé ńkọ́?"

"Ǹ bá ti wá jókòó tì ẹ́ lórí bẹ́ǹṣì yìí ni."

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Àlàájì fi pákó àti kápẹ́ńtà méjì ránṣẹ́. Wọ́n kó ìwé àtijọ́ kúrò nínú yàrá kan nísàlẹ̀, wọ́n kan ojú ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ dípò àtẹ̀gùn, kánsù sì kó wọbẹ̀. Bàbá Ambrose wá sí ìpàdé àkọ́kọ́ níbẹ̀. Wọ́n jókòó sẹ́yìn, wọ́n gbé fìlà lé orúnkún.

Ọjọ́ yẹn ni Àràmídé mú àbá rẹ̀ wá: kí ilé ìgbẹ̀bí, ọjà àti ilé ìwé tí kánsù ń bójú tó ní irú ojú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, kí wọ́n sì máa gba àwọn ọmọ tó ní àléébù ara sílé ìwé.

Ọ̀gbẹ́ni Jethro ní, "Èèyàn mélòó ni wọ́n? Mẹ́ta? Mẹ́rin?"

"Ẹ fún mi di Sátidé tó ń bọ̀, sà," ni Àràmídé wí.

Láàárín ọ̀sẹ̀ náà, òun àti Tìrìmísíyù, ọkùnrin afọ́jú kan tó ń hun àga pàǹkẹ̀rẹ̀, lọ láti ilé dé ilé. Nígbà tó fi di Sátidé, yàrá ìpàdé ò gbèrò mọ́. Afọ́jú wá, àwọn adití wá, àwọn tó ń fi pákó onítáyà wọ́ ara wọn lórí títì wá, àwọn ìyá sì gbé ọmọ tí ẹnikẹ́ni ò rí níta rí wá.

"Mi ò mọ̀ pé ẹ pọ̀ tó báyìí ní àdúgbò yìí," ni alága wí.

"A ti pọ̀ tipẹ́, sà," Tìrìmísíyù fèsì. "Àga tí Ọ̀gbẹ́ni Jethro jókòó lé yẹn gan-an, èmi ni mo hun ún."

Ọ̀gbẹ́ni Jethro wo apá àga náà, ó fọwọ́ pa á. Nígbà tí wọ́n ní kí ẹni tó fara mọ́ àbá náà nawọ́, òun ló kọ́kọ́ nawọ́. Ẹni mẹ́jọ ló fara mọ́ ọn, mẹ́ta kọ̀.

Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, ilé ìgbẹ̀bí ti ní ojú ọ̀nà tiẹ̀. Àwọn aláboyún ló kọ́kọ́ yọ̀ mọ́ ọn, àwọn ewúrẹ́ àdúgbò tẹ̀ lé wọn. Nígbà tí ilé ìwé wọlé ní Sẹ̀tẹ́ńbà, ọmọ mọ́kànlá wọlé lábẹ́ òfin tuntun náà. Ọ̀kan nínú wọn, Shakirat, ọmọ ọdún mẹ́fà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ò ṣiṣẹ́, bọ́ sí kíláàsì Àràmídé. Ọ̀rọ̀ ò tán lẹ́nu rẹ̀ láti àárọ̀ dọ̀sán. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Àràmídé pààrọ̀ ibi tí ọmọ náà jókòó sí, ibi yòówù tó bá sì gbé e sí, á tún rí ọ̀rẹ́ tuntun níbẹ̀.

"Ìdíátù," ni Àràmídé sọ fún mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan, bó ṣe jókòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi, tó sì ń nu òógùn, "ọmọ yẹn á dupò lọ́jọ́ kan. Àánú ẹni tó bá bá a dù ú ló ń ṣe mí."