Ìyàwó Tó Ń Yọ́ Wọ Yàrá Yìnyín

Àǹtí Ẹlẹ́ja kì í fura lásán. Bó bá ti fura sí èèyàn, àfi kí onítọ̀hún yáa jẹ́wọ́, kódà bí kò bá mọ ohun tó ṣe. Ẹja dídì ló ń tà. Ó ní yàrá yìnyín ńlá kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, ìyàwó àbúrò rẹ̀ ló sì ń bá a dá oníbàárà lóhùn.

Kò sí ẹ̀sùn kankan lọ́rùn ìyàwó yìí tẹ́lẹ̀, àfìgbà tí ìpéǹpéjú rẹ̀ ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Láàárọ̀, ojú rẹ̀ á là kedere. Tó bá fi máa di ọ̀sán, ìpéǹpéjú ọ̀tún á ti bo ìdajì ẹyinjú, ti òsì náà á máa tẹ̀ lé e, òun fúnra rẹ̀ á wá gbé àgbọ̀n sókè kó tó lè rí ẹni tó ń rajà. Oníbàárà kan tiẹ̀ bínú lọ, ó ní ó ń wo òun bí ẹni wo ìdọ̀tí.

"Ìyàwó, ṣé o ò sùn lóru ni?"

"Mo sùn, Àǹtí."

"Àbí o ti ń mu nǹkan?"

"Rárá o, Àǹtí. Èmi náà ò mọ ohun tó ń ṣe mí."

Àǹtí ní hẹn-ẹn. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ó ti kíyè sí i pé bí ojú ìyàwó bá ti ń pa dé báyìí, á yọ́ wọ yàrá yìnyín. Kò ní pẹ́ níbẹ̀. Tó bá jáde, ojú á ti là bíi ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Ta ló ń lọ sùn nínú òtútù tó ń gan èèyàn? Kí ló sì wà níbẹ̀ tó ń la èèyàn lójú, bí kì í bá ṣe ẹja ẹlẹ́ja?

Ó wọlé lọ ka páálí ẹja. Ó pé. Ìyẹn gan-an ló wá bí i nínú. Olè tó jí nǹkan tí nǹkan sì pé, ògbólógbòó nìyẹn. Ó yẹ okùn páálí wò bóyá wọ́n ti fa ẹja yọ láàárín. Okùn ò tú. Ó ní àwọn olè ìsinsìnyí ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń so okùn.

Kò tíì rí ohunkóhun tó fi pe àbúrò rẹ̀, tó ń wakọ̀ akẹ́rù, lórí fóònù.

"Kó gbogbo ẹrù ìyàwó ẹ lónìí. Kó máa lọ sílé bàbá ẹ̀."

"Àǹtí, kí ló ṣe?"

"Olè ni. Ṣé ìgbà tó bá kó mi tán ni kí n tó sọ̀rọ̀?"

Àbúrò ò lè já a ní koro, torí Àǹtí ló tọ́ ọ dàgbà. Ó ní òun ti gbọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ìyàwó tún yọ́ wọlé. Àǹtí bọ́ bàtà, ó tẹ̀ lé e. Ọjọ́ gbogbo ni ti olè, ọjọ́ kan ni ti olóhun. Ó já ilẹ̀kùn ṣí.

Ìyàwó jókòó lórí páálí, ó gbórí sókè, ó fi ọwọ́ méjèèjì tẹ ẹja dídì kan mọ́ ìpéǹpéjú. Nígbà tó gbọ́ ìró ilẹ̀kùn, ó gbé e kúrò. Ojú rẹ̀ là rekete, ó ń wo Àǹtí tààrà.

"Ẹ̀n-ẹ́n! Ojú ti là! O ti ń díbọ́n fún mi látọjọ́ yìí!"

"Òtútù ló ń gbé e sókè, Àǹtí. Mi ò mọ ìdí ẹ̀. Bí mo bá jáde, á tún wálẹ̀."

Ohùn rẹ̀ ń gba imú jáde, ọ̀rọ̀ sì ń lọ́ mọ́ ọn lẹ́nu. Ó bú sẹ́kún. Àǹtí bu omi fún un pé kó dákẹ́ ariwo. Omi náà gba imú rẹ̀ tú jáde, ikọ́ gbé e, ọrùn rẹ̀ ò sì fẹ́ gbé orí mọ́. Ìbínú Àǹtí pòórá, ẹ̀rù gba ipò rẹ̀. Ta ló ń díbọ́n kí omi gba imú jáde? Ó ti ṣọ́ọ̀bù pa, ó gbé ìyàwó sínú tákísí, ó pe àbúrò rẹ̀ pé kó pàdé àwọn ní ọsibítù. Kò rántí ọ̀rọ̀ ẹrù rárá.

Dókítà obìnrin tó gbà wọ́n béèrè bóyá ìyàwó ní àtọ̀gbẹ, torí àtọ̀gbẹ náà lè mú ìpéǹpéjú já wálẹ̀ lójijì. Kò ní in. Dókítà ní kó máa wòkè. Ìpéǹpéjú ń wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó wá kó yìnyín sínú ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ó gbé e lé e lójú. Nígbà tó gbé e kúrò, ojú là. Àǹtí sọ ọ̀rọ̀ ẹja fún un.

"Ẹja yín ti bá mi ṣe àyẹ̀wò nìyẹn," ni dókítà wí. "Ara rẹ̀ ló ń bá ara rẹ̀ jà. Iṣan ò gbọ́ iṣẹ́ tí wọ́n ń rán an dáadáa mọ́, pàápàá tó bá ti rẹ̀ ẹ́. A ṣì máa yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́ ni, àmọ́ oògùn rẹ̀ wà. Omi tó gba imú jáde yẹn ló ń bà mí lẹ́rù. Ó lè dé ibi èémí. Kò ní lọ sílé lónìí."

Nígbà tí ọkọ fi máa dé, ojú ìyàwó ti pa dé pátápátá. Ọkọ gbé báàgì ńlá kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Ta ló dé?"

"Ọkọ ẹ ni," ni Àǹtí sáré dáhùn. "Ó kó aṣọ tí o máa lò wá."

Ìyàwó rẹ́rìn-ín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rín náà ò dé ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó na ọwọ́ sínú báàgì, ó ń táràrà. Ọwọ́ rẹ̀ ba bàtà, ó ba fọ́tò ìgbéyàwó tó wà nínú férémù, ó wá dúró.

"Àǹtí, kí ni mo fẹ́ fi ìkòkò ṣe ní ọsibítù?"

Ọkọ wolẹ̀. Àǹtí Ẹlẹ́ja lè ní ọkọ ló ṣì í kó, àbúrò rẹ̀ ò sì ní já a nírọ́. Ṣùgbọ́n ó dùn ún wọra pé obìnrin yìí ò tilẹ̀ lè la ojú wo ẹni tó bà á lórúkọ jẹ́. Ó tẹ̀ síwájú, ó fi àtàǹpàkò méjèèjì gbé ìpéǹpéjú rẹ̀ sókè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Wò mí, Ìyàwó. Èmi ni mo ní kó kó o. Olè ni mo pè ẹ́."

Ìyàwó wò ó. Àǹtí ò sì gbọ́wọ́ kúrò.