Ọwọ́ Òsì Káfíńtà

Bí ẹ bá gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì, irọ́ ni. Èmi nìkan lọ̀rọ̀ yìí ṣojú ẹ̀ délẹ̀délẹ̀, níbi fèrèsé tí mo rọ̀ mọ́ bí aláǹgbá, ojú mi sì mú ju ti àṣá lọ. Ẹ má bi mí bí mo ṣe mọ ohun tó ń lọ nínú orí olórí. Mo mọ̀ ọ́n.

Káfíńtà ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ìṣó mẹ́ta péré ló fi ń kan òrùlé tí ìjì ò lè ṣí. Àfìgbà tóun fúnra ẹ̀ já bọ́ látorí ọ̀kan. Látọjọ́ náà, gbogbo ara ẹ̀ ló kọṣẹ́ sílẹ̀: ọwọ́, ẹsẹ̀, ahọ́n, títí dórí ìpéǹpéjú. Etí àti ọpọlọ nìkan ló kù, àwọn yẹn sì ń ṣiṣẹ́ àṣekún. Bí eṣinṣin bá rìn lórí àjà, ó ń gbọ́ ọ. Ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ wà lẹ́yìn ògiri yàrá gan-an, táwọn ọmọṣẹ́ ẹ̀ bá fi ayùn gé igi níbẹ̀, ó mọ ẹni tó ń ba igi jẹ́. Ohùn ayùn yẹn ló fi ń mọ̀ pé òun ò tíì kú.

Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ wá fẹ́ gbé e lọ. Òun ló tọ́ ọ dàgbà nígbà táwọn òbí wọn kú, inú ire ló sì fi wá. Yàrá ti wà nílẹ̀ nílé ẹ̀, ní ìlú míì, lókè téńté, ibi tó dákẹ́ rọ́rọ́. Ibi tó dákẹ́ kẹ̀! Ọkàn Káfíńtà já. Wọ́n fẹ́ gbé òun sínú àpótí láàyè, wọ́n ń pè é ní ìtọ́jú.

Ọjọ́ náà ni obìnrin ẹnjiníà kan láti ọsibítù gbé fìlà wáyà dé. Wáyà ara ẹ̀ tó ẹgbẹ̀rún, mo kà wọ́n. Ó dé e sí Káfíńtà lórí, ó gbé kọ̀ǹpútà síwájú bẹ́ẹ̀dì.

"Ẹ fọkàn gbé ọwọ́ ọ̀tún yín sókè, sà, á kọ BẸ́Ẹ̀ NI. Ẹ fọkàn gbé òsì, á kọ RÁRÁ. Ọwọ́ tẹ́ ẹ bá ti fọkàn lò jù ni fìlà yìí máa gbọ́. Ó yá, ṣé obìnrin ni yín?"

RÁRÁ.

Ìyàwó ẹ̀ fò sókè. "Ọkọ mi ń sọ̀rọ̀! Olówó orí mi, ṣé mo máa ń hanrun?"

BẸ́Ẹ̀ NI. Kò tiẹ̀ jẹ́ kó pa ẹnu dé.

"Yéè! Ọdún kan gbáko lẹ fi pa á mọ́kùn!"

Ẹ̀gbọ́n dìde. Bí ọkùnrin yìí bá wúkọ́, ọ̀dà á bó lára ògiri. "Àbúrò mi, ṣé kí n gbé ẹ lọ sọ́dọ̀ mi?"

Káfíńtà bẹ̀rẹ̀ sí í fọkàn gbé òsì. Ó gbé e dé ìbàdí, ó dúró. Ṣé ẹ̀gbọ́n òun lòun fẹ́ na ọwọ́ òsì sí? Ẹ̀gbọ́n tó gbá a lọ́wọ́ nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin, tó ní, "Ọ̀tún! Ọ̀tún la fi ń dá àgbà lóhùn!" Kó tó ronú tán, ọ̀tún ti fò sókè fúnra ẹ̀.

BẸ́Ẹ̀ NI.

Ó lọgun nínú ara ẹ̀. Igbe yẹn ì bá fọ́ gbogbo gíláàsì àdúgbò, àmọ́ kò rọ́nà jáde.

"Ẹ̀ẹ̀mẹta la máa ń bèèrè, sà," ẹnjiníà ní.

Ẹ̀gbọ́n tún bèèrè. Òsì tún kọ̀ láti gbéra. BẸ́Ẹ̀ NI. Ìyàwó bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ. Ẹ̀gbọ́n ti ń pe ọlọ́kọ̀ lórí fóònù.

Nígbà kẹta, Káfíńtà sá kúrò níwájú àgbà. Ó fọkàn lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Pákó ń yọ̀ lórí tábìlì, ayùn ti gba ọwọ́ ọ̀tún, ta ni yóò di pákó mú? Ó fi òsì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ tagbáratagbára.

RÁRÁ.

Ẹ̀gbọ́n wo kọ̀ǹpútà, ó wo ẹnjiníà. "Òsì ló fi dá mi lóhùn?"

"Rárá ni wọ́n sọ, sà."

"Mo bi ẹ́, òsì àbí ọ̀tún?"

"Òsì ni, sà."

"Èmi! Èmi tí mo pọ̀n ọ́n sẹ́yìn! Ó dáa. Kó máa bá pákó ẹ̀ gbé. Ẹsẹ̀ mi ò tún ní tẹ ilé yìí mọ́ láyé."

Ó jáde. Ìyàwó sáré tẹ̀ lé e, "Bùọ̀dá, ẹ dákun, ẹ̀rọ ni!" Ẹnjiníà náà sáré tẹ̀ lé wọn.

Ó ku Káfíńtà nìkan. Ayùn ń dún lẹ́yìn ògiri, yàrá ti di tiẹ̀. Ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀. Ó fẹ́ sọ pé, "Bùọ̀dá, ẹ má bínú, ẹ padà wá jókòó." Ọ̀rọ̀ méjì péré ni kọ̀ǹpútà ní. Èyí tí kì í ṣe àrífín nínú méjèèjì ló mú. Ó ń na ọ̀tún sí ẹnu ọ̀nà. BẸ́Ẹ̀ NI. BẸ́Ẹ̀ NI. BẸ́Ẹ̀ NI. Igba ọ̀nà, ẹgbẹ̀rún ọ̀nà. Mọ́tò ẹ̀gbọ́n ẹ̀ gbéra, ó sì ń gbọ́ ọ títí tó fi kọjá ìlú mẹ́ta, kò sọ ọwọ́ yẹn kalẹ̀.

Nígbà tí ìyàwó máa fi wọlé, ojú kọ̀ǹpútà ti ṣú. Èmi nìkan ni mo kà á. Ẹ yáa gbà mí gbọ́ o, kí n tó bínú.