Bàbá tó jókòó sórí ẹ̀dọ̀ mi

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí n sọ àlá yìí kí n tó gbàgbé. Mo wà ní ọsibítù, wọ́n ti gbé omi oògùn kọ́ fún jẹjẹrẹ tó wú sí mi lọ́rùn. Ṣùgbọ́n bàbá kan jókòó sórí ẹ̀dọ̀ mi bí ẹni jókòó sórí àpótí, ó dé fìlà, ó ń jẹ ẹ̀pà. Dókítà ní bàbá náà ni kòkòrò fáírọ́ọ̀sì ẹ̀dọ̀ tí wọ́n rí nínú ẹ̀jẹ̀ mi, pé bí oògùn bá wọ ara mi kí bàbá náà tó dìde, kòkòrò náà yóò ba ẹ̀dọ̀ mi jẹ́. Mo bá kúnlẹ̀.

“Ẹ kú ìjókòó, sà.”

Nọ́ọ̀sì ní, “Màmá, bẹ́ ẹ bá ń kí i báyìí, ṣé ó máa dìde?”

Mo ṣáà ń bẹ̀ ẹ́. Bàbá náà gbọn èèpo ẹ̀pà kúrò lára.

“A kì í dá nìkan wá bẹ àgbà. Ta ló bá ọ wá?”

Mo wẹ̀yìn, gbogbo àga àlejò ló ṣófo. Mo ya ẹnu láti dárúkọ ẹni tó máa bá mi bẹ̀ ẹ́, mo bá jí.