Òwú Oníke Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Egungun

Olówùú ni wọ́n ń pè é nílé ìwòsàn, nítorí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Okùn oníke ló ń ṣe, tín-ín-rín bí òwú ìránṣọ, tí ìmọ́lẹ̀ máa ń gba inú rẹ̀ kọjá. Bí ibi tí wọ́n ki orí okùn náà bọ̀ bá ṣe ń gbóná sí i, bẹ́ẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ tó ń padà bọ̀ á máa dín kù, ẹ̀rọ kékeré kan á sì sọ ọ́ di iye ooru.

Nídìí ẹ̀rọ tó ń fi ooru dá jẹjẹrẹ lágara ló ti ń lò ó. Wáyà irin kò wúlò níbẹ̀, nítorí ẹ̀rọ náà á mú wáyà gbóná fúnra rẹ̀, wáyà á wá máa purọ́. Òwú oníke kì í purọ́. Ohun tí Olówùú fi ń yangàn nìyẹn, títí ó fi kan ìyá rẹ̀.

Aránṣọ ni ìyá náà. Kókó jẹjẹrẹ hù sí i nítan, lẹ́gbẹ̀ẹ́ egungun. Wọ́n gé e, ó tún hù. Dókítà ní ó ku kí àwọn fi ooru gbìyànjú, bóyá ooru á jẹ́ kí oògùn lè ràn án.

"Èmi tí mo fi òwú bọ́ ẹ," ni ìyá wí lórí bẹ́ẹ̀dì, "ìwọ náà wá fẹ́ fi òwú tún mi rán." Ẹ̀rín pa wọ́n, títí kan nọ́ọ̀sì.

Dókítà fi abẹ́rẹ́ ti òwú méjì wọlé, ọ̀kan sábẹ́ awọ, èkejì sínú kókó gan-an. Wọ́n tan ẹ̀rọ. Iye ooru ti abẹ́ awọ gòkè kíá. Ti inú kókó rìn díẹ̀, ó sì dúró gbagidi bí ewúrẹ́ tó kọ̀ tí kò lọ.

"Àfàìmọ̀ kí òwú yẹn má ti bàjẹ́," ni dókítà wí.

Inú Olówùú dùn sí ọ̀rọ̀ náà, nítorí bí òwú bá ti bàjẹ́, ó lè jẹ́ pé ooru ń dé inú kókó. Ó yọ òwú náà, ó gbé e lọ sí yàrá kejì, ó tì í bọ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ pẹ̀lú tẹmómítà. Ó ń wí lábẹ́lẹ̀ pé, "Ọlọ́run, jẹ́ kó ti bàjẹ́." Iye kan náà ni òwú àti tẹmómítà sọ.

Dókítà mi orí. "Iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá ló gba ẹ̀gbẹ́ kókó yẹn. Bí a ṣe ń gbé ooru wá, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ń gbé e lọ. À ń pọnmi sínú apẹ̀rẹ̀ ni."

Síbẹ̀, lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n ti òwú tuntun wọlé, wọ́n fi kún agbára ẹ̀rọ. Awọ itan ìyá pọ́n, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bó. Ìyá di eyín mọ́ ọn, kò ké.

"Ṣé ó ti gbóná tó?"

"Ó ń gbóná bọ̀, Mọ́mì."

"Ojú lọ̀rọ̀ wà. Wò mí kó o tó sọ ọ́."

Olówùú wò ó. "Kò dé ibẹ̀, Mọ́mì. Kò lè dé ibẹ̀."

Ìyá mí kanlẹ̀. "Mo ti mọ̀. Mo kàn ń fara dà á nítorí tìẹ ni, kó o má baà sọ pé iṣẹ́ ọwọ́ ẹ kò ran ìyá ẹ lọ́wọ́. Pa ẹ̀rọ yẹn, ọmọ mi."

Olówùú pa á.

Wọ́n gbé ìyá lọ sílé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú títí kò fi lè dìde mọ́. Ẹ̀gbọ́n Olówùú pè é lórí fóònù, ó ní, "Ìwọ tó o wà nídìí ẹ̀rọ gan-an, kí lo wá rí ṣe?"

Ọ̀sán ọjọ́ kan, òwú rẹ̀ wà lára awakọ̀ kan tí kókó tirẹ̀ kò jìn sínú. Ooru ń gòkè bó ṣe yẹ. Dókítà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó kí Olówùú kú iṣẹ́. Fóònù dún nínú àpò Olówùú. Ó rí i pé ẹ̀gbọ́n òun ni, ó sì mọ̀ pé Mọ́mì ti lọ. Ó jẹ́ kó dún tán. Ẹlòmíràn kò sí níbẹ̀ tó lè ka ohun tí òwú ń sọ, ó sì jókòó ti ẹ̀rọ náà títí àsìkò awakọ̀ fi pé.