Ẹni Kẹta Lórí Bẹ́ńṣì

Wọ́n ní ká wá sinmi. Ẹgbẹ́ wa ló ṣètò rẹ̀ fún àwa tí à ń ṣiṣẹ́ ẹjọ́, adájọ́ àti agbẹjọ́rò pọ̀, nítorí wọ́n rí i pé a ti ń gbó ṣáájú ọjọ́ orí wa, a ò sì mọ bí a ṣe ń bá ará ilé wa sọ̀rọ̀ mọ́ láìbéèrè ẹ̀rí. Ilé kan lórí òkè ni, ó ní ọgbà, odò kékeré kan sì ń ṣàn lẹ́yìn rẹ̀. Lẹ́nu géètì ni wọ́n ti gba fóònù wa. Wọ́n ní a ò gbọdọ̀ wọ dúdú, a ò sì gbọdọ̀ dárúkọ ẹjọ́ kankan títí a ó fi padà sílé.

Ní tèmi, ìsinmi kọ́ ni mo bá wá. Mo gbọ́ pé ọ̀rẹ́ mi ń bọ̀ ni.

Nígbà tí a jáde nílé ẹ̀kọ́ òfin, yàrá kan la jọ háyà ṣe ọ́fíìsì, tábìlì kan, àga méjì, fèrèsé kan tí kò ṣeé ṣí. Ẹlẹ́rìn-ín ni mo máa ń pè é, nítorí ó lè rẹ́rìn-ín débi pé oníbàárà á rò pé òun la fi ń ṣe yẹ̀yẹ́. Oníjà ló ń pe èmi. Mi ò ní sọ ìdí rẹ̀, ẹ ó rí i fúnra yín. Ìyá mi kì í bu oúnjẹ tèmi láìbu ti Ẹlẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, wọ́n fi ọ̀rẹ́ mi ṣe adájọ́, inú mi dùn bí ẹni pé èmi ni wọ́n fi ṣe é.

Ẹni tí kò bá sí nínú iṣẹ́ wa kò lè mọ ohun tó tẹ̀lé e. Adájọ́ kì í jẹun nílé agbẹjọ́rò tó ń wá síwájú rẹ̀. Kì í bá a rìn, kì í bá a sọ̀rọ̀ ní kọ̀rọ̀. Kóòtù kan ṣoṣo ló ń gbọ́ ẹjọ́ ilẹ̀ nílùú wa, òun ló jókòó níbẹ̀, ẹjọ́ ilẹ̀ sì ni mo fi ń jẹun. Bí ẹjọ́ mi kan bá ń parí lọ́dọ̀ rẹ̀, òmíràn á ti bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ la ṣe di "Olúwa mi" àti "agbẹjọ́rò" síra wa. Wọ́n ní ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún. Mo gbà, ṣùgbọ́n àwa méjì péré ni wá.

Nígbà tí ìyá mi kú, gbogbo ayé ló wá kí mi. Ọ̀rẹ́ mi kò wá, kò ránṣẹ́. Mo mọ òfin tó dè é, síbẹ̀ ó dùn mí, ó ṣì ń dùn mí. Ohun tí mo ń wá lórí òkè yẹn kò ju kí n jókòó tì í lẹ́ẹ̀kan, kí n bi í pé kí ló dé.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí gbígbọ́ ẹjọ́ mi kan, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò tó ń jà lórí ààlà ilẹ̀. Ìdájọ́ ló kù. Agbẹjọ́rò tó dojú kọ mí nínú ẹjọ́ náà, àgbàlagbà kan tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Àtakò, wà lórí òkè pẹ̀lú wa. Orúkọ ń ro èèyàn: bàbá yìí lè tako òjò tó ń rọ̀. Bó bá rí èmi àti adájọ́ ní kọ̀rọ̀ kan, ó lè ní kí wọ́n da gbogbo ẹjọ́ náà nù, orúkọ ọ̀rẹ́ mi á sì bà jẹ́ mọ́ ọn.

Nígbà ìjókòó àkọ́kọ́, obìnrin tó ń darí wa ní kí oníkálukú sọ ohun kan tí ọkàn rẹ̀ ń ṣàfẹ́rí, kí ẹnikẹ́ni má bi í ní ìbéèrè. Ẹ wo iṣẹ́. Agbẹjọ́rò kan ní kí wọ́n kọ́kọ́ túmọ̀ "ṣàfẹ́rí". Òmíràn fẹ́ mọ̀ bóyá wọn ò ní fi ìdáhùn òun mú òun lọ́jọ́ iwájú. Bàbá Àtakò dìde, ó ní òun takò ó, pé ìbéèrè náà ń fi ìdáhùn sí ẹlẹ́rìí lẹ́nu. Nígbà tó kan ọ̀rẹ́ mi, ó ń wo ilẹ̀. Ó ní òun ń ṣàfẹ́rí ọ́fíìsì kan tí fèrèsé rẹ̀ kò ṣeé ṣí. Kò wò mí rárá. Omi bọ́ lójú mi, mo díbọ́n pé kòkòrò ló kó sí i.

Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, mo rí i lórí bẹ́ńṣì kan létí odò, òun nìkan. Mo forí lé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bó ṣe rí mi, ó dìde, ó gba ọ̀nà ilé lọ wéré. Inú bí mi débi pé mo ta òkúta kan nípàá, òkúta náà ló sì borí. Ibi tí mo ti ń fọwọ́ ra ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi ni mo ti rántí pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ohun tí òfin kọ̀ ni pé kí adájọ́ bá apá kan sọ̀rọ̀ lẹ́yìn apá kejì. Bí apá kejì bá jókòó síbẹ̀ ńkọ́?

Mo lọ bá Bàbá Àtakò níbi tó ti ń jẹ ẹ̀pà, mo kúnlẹ̀, mo ro ẹjọ́ mi. Ó ní láti ọjọ́ tí òun ti ń ṣe agbẹjọ́rò, òun ò gbọ́ irú ẹ̀bẹ̀ báyìí rí. Mo rán an létí pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ó gbọn èèpo ẹ̀pà kúrò lára aṣọ, ó sì ní kí n lọ pe adájọ́ wá, kí n sọ fún un pé apá méjèèjì ti pé.

Bàbá Àtakò jókòó sáàárín wa lórí bẹ́ńṣì náà bí ìyá tó ń ṣọ́ ọmọ rẹ̀ obìnrin lọ́dọ̀ àfẹ́sọ́nà. Ó ní ká máa sọ̀rọ̀ wa, ká má ṣáà dárúkọ ilẹ̀. Gbogbo ohun tí mo ti tò sílẹ̀ lọ́kàn ló fò lọ.

"Kí ló dé tí o ò wá sin màmá?"

"Mo wá, Oníjà," ló wí. "Inú ọkọ̀ ni mo wà, lódìkejì títì. Ẹjọ́ rẹ kan wà níwájú mi lọ́sẹ̀ yẹn. Bàtà kóòtù lo wọ̀. Nígbà tí wọ́n fẹ́ gbé màmá sọ̀kalẹ̀, o kọsẹ̀, mo sì di ilẹ̀kùn ọkọ̀ mú. Mi ò ṣí i."

Mo sunkún, mi ò fi kòkòrò bojú lọ́tẹ̀ yìí. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran: mo rí i pé irun rẹ̀ ti funfun, mi ò sì mọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà la wá ń sọ ti ẹ̀yìn tó ń dùn ún, ti ọmọ mi tó lọ sókè òkun tí kì í pè mí, ti onílé wa àtijọ́ tó máa ń kan ilẹ̀kùn bí ọlọ́pàá. Ọ̀rọ̀ já sí ọ̀rọ̀. Ó ti ń sọ pé, "Lọ́jọ́ tí mo bá," nígbà tí orí Bàbá Àtakò tẹ̀ sórí àyà rẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ sí í hanrun.

Ọ̀rẹ́ mi pa ẹnu dé. Mo ní kó máa bá a lọ, pé kò sí ẹnikẹ́ni nítòsí. Ó mi orí. Ó ní ẹni tó bá ti sùn kò sí níbẹ̀ mọ́. Ó ṣe mí bíi kí n gbé òun àti òfin rẹ̀ sọ sínú odò. Àwa méjèèjì jókòó bẹ́ẹ̀, à ń wo ara wa lórí àgbàlagbà tó ń sùn. Nígbà tó yá, ó na ọwọ́, ó rọra fọwọ́ kan bàbá náà léjìká.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jí. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ kan fún ọ̀rẹ́ mi."

Bàbá ta jí, ó búra pé òun ò sùn. Ọ̀rẹ́ mi yíjú sí mi.

"Lọ́jọ́ tí mo bá fẹ̀yìn tì, ilé rẹ ni mo máa kọ́kọ́ yà sí, kí n tó dé ilé tèmi. Jọ̀ọ́, má kú kí n tó dé."

Mo ṣírò ọdún tó kù kó tó fẹ̀yìn tì, mo rò ó mọ́ ọjọ́ orí mi, mo sì sọ fún un pé màá gbìyànjú.