Gíga Àga Màmá

Láti abẹ́ ọkọ̀, ẹsẹ̀ nìkan ni Philemon ń rí.

Ó nà gbalaja sórí páálí tí ó tẹ́ sórí iyẹ̀pẹ̀ pupa, ó ń fi ìka kan irin abẹ́ jíìpù náà, ó sì ń tẹ́tí sí bí ó ṣe ń dún. Irin tí ó ti dógùn-ún kì í dún bí irin tí ó ṣì le; ohùn rẹ̀ a máa kú sínú bí ohùn ẹni tí ọ̀fìnkìn ń bá jà. Èyí ń dún ketekete. Kò sí ibi tí ọ́ìlì ti ń jò. Táyà ga, irin nípọn, àlàfo tó wà láàárín ọkọ̀ àti ilẹ̀ sì tó kí ewúrẹ́ gba ibẹ̀ kọjá láì bẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ tí yóò máa gba ọ̀nà Òde-Ayé nígbà òjò kò gbọ́dọ̀ dín sí èyí. Ó ti pinnu lọ́kàn ara rẹ̀: òun ti rí ọkọ̀.

Bàtà dúdú tó ń dán ni ti Ọlátúndé, ọkùnrin tó ni ọgbà ọkọ̀ tòkunbọ̀ náà. Sálúbàtà aláwọ̀ ewé ni ti Judith, ìyàwó Philemon. Àwọn méjèèjì ti rìn lọ síbi àwọn ọkọ̀ tó kù. Ẹsẹ̀ kẹta ni kò wọ nǹkan kan. Ti Màmá ni. Láàárọ̀ yìí, Màmá ti wọ aṣọ funfun ìjọ Aládùúrà jáde nílé, ẹni tó bá sì ti wọ aṣọ yẹn nínú ìjọ tiwọn kì í wọ bàtà. Ó ní òun fẹ́ gbàdúrà sórí ọkọ̀ tí àwọn bá mú.

Philemon ti fẹ́ máa fà jáde nígbà tí ẹsẹ̀ ọ̀tún Màmá kúrò nílẹ̀. Ó ń lọ sókè díẹ̀díẹ̀, sí ibi àtẹ̀gùn irin tó wà lábẹ́ ilẹ̀kùn. Ó dé ìdajì ọ̀nà, ó gbọ̀n, ó sì padà. Ọ̀pá ìtilẹ̀ sún díẹ̀. Ẹsẹ̀ òsì dán an wò. Òun náà padà. Etí aṣọ funfun ti gòkè dé ojúgun, ọwọ́ kan sì yára fà á wálẹ̀. Ẹsẹ̀ méjèèjì wá dúró jẹ́ẹ́, ìka wọn ń họ iyẹ̀pẹ̀, kí wọ́n tó yí padà, kí wọ́n sì máa lọ.

Nígbà tí ó fi jáde, Màmá ti wà lórí bẹ́ǹṣì abẹ́ igi àgbálùmọ̀, bí ẹni tí kò kúrò níbẹ̀ rí.

"Màmá, kí lẹ rí sí i?"

"Ó dára, ọma mi. Ó ga, ó lágbára. Rà á."

"Ẹ jẹ́ ká wọ inú rẹ̀ wò."

"Kí n máa wọ ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ kiri? Ọjọ́ tí o bá gbé e délé ni n ó wọ̀ ọ́. Jẹ́ kí n sinmi, jàre."

Ó gbé àpò rẹ̀ sórí itan, ó fi ọwọ́ méjèèjì bò ó. Àpò náà wúwo. Philemon ló bá a gbé e láti ilé bí wọ́n ṣe ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀, nítorí pé ilé wọn kò ju òpópónà kan lọ sí ọgbà náà, ó sì ti ń rò ó lọ́nà pé kí ni ẹni tó ń lọ wo ọkọ̀ lásán dì sínú àpò tó báyìí.

Nítorí Màmá ni wọ́n ṣe ń wá ọkọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ọmọ mẹ́ta ló wà nílé tí gbogbo wọn ń rún ara wọn mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà. Ọkọ̀ tí Philemon fi ń lọ tún ẹ̀rọ kànga ṣe kò gbà ju èèyàn méjì lọ. Páìpù ló kún ẹ̀yìn rẹ̀. Màmá sì ti ṣe Ìyá Àdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì Òde-Ayé kí Philemon tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n láti ìgbà ìkórè èṣín, kò lọ mọ́. Ó ní ìgbáròkó ń dun òun. Bí wọ́n bá tún bi í, á ní, "Ṣé Òde-Ayé nìkan ni Ọlọ́run ń gbé ni?" Philemon rò pé gbígbọ̀n ọkọ̀ èrò lójú kòtò ni kò jẹ́ kó lè lọ. Ìyẹn ló ṣe ń wá ọkọ̀ tó lágbára.

Bí ẹ̀rọ kò bá fa omi mọ́, ẹni tó mọṣẹ́ kì í kọ́kọ́ tú ẹ̀rọ. Yóò wá ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń wọ inú páìpù. Philemon mọ èyí bí ẹni mọ orúkọ ara rẹ̀, ó sì ń ṣe é fún gbogbo ayé. Ó wá ku ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀.

Ó rántí ọjọ́ ìkórè náà. Bọ́ọ̀sì tí wọ́n háyà ga. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan kọ́ Màmá lábíyá, èkejì gbé e lẹ́sẹ̀, aṣọ funfun sì ká dé orúnkún lójú gbogbo ìjọ. "Ẹ rọra o," Màmá ní, "àpò gàrí kọ́ lẹ gbé yìí!" Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín. Philemon náà rẹ́rìn-ín, nítorí ó rò pé àwàdà ni.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má wulẹ̀ rò ó mọ́." Ọlátúndé ti dé, ó ń fi kọ́kọ́rọ́ ṣeré lọ́wọ́. "Jíìpù yìí, ọkọ̀ ọkùnrin ni. Bí ẹ bá gbé e wọ ìlú Ìrẹ̀lẹ̀, wọ́n á ṣínà fún yín."

"Ṣé Ìrẹ̀lẹ̀ la fẹ́ lọ jọba ni?" ni Judith fi dá a lóhùn.

Philemon fi wọ́n sílẹ̀ níbẹ̀. Ó lọ ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó rẹlẹ̀. Wíwọ èyí kò le. Jíjáde ni yóò di ọ̀rọ̀. Ó mọ bí Màmá ṣe máa ń rì sínú àga tìmùtìmù tó wà nílé, tí yóò máa na ọwọ́ kí ẹnì kan wá fà á dìde. Nítorí ẹ̀ ló ṣe kan igi mọ́ ẹsẹ̀ àga kan fún un. Àtìgbà náà ni Màmá ti ń jókòó tí ó sì ń dìde láì pe ẹnikẹ́ni. Philemon kò lo tépù nígbà tó ń kàn án. Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi wọ̀n ọ́n: ìbú ọwọ́ kan sókè orúnkún.

Ó gbójú sókè. Ó wo ọkọ̀ kẹta, èyí tí ó ti gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá láàárọ̀ láì kí i.

"Èyí ńkọ́?"

"Kírósófà nìyẹn," ni Ọlátúndé wí, ó sì yínmú. "Ara ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ni wọ́n gbé sókè, tí wọ́n wá fún ní ojú jíìpù. Àwọn ìyàwó báńkà ló ń rà á."

Àdán kò ṣe eku, kò ṣe ẹyẹ: bí Philemon náà ṣe rò ó nìyẹn nígbà tó kọ́kọ́ rí i.

"Èmi ti ń wò ó láti àárọ̀," ni Judith wí. "Àwọn ọmọ á gba ẹ̀yìn. Búùtù rẹ̀ á gba púpurú ẹ̀gẹ́ àti kẹ́ẹ̀gì epo. Ẹ ò kàn bi mí ni."

Philemon ṣí ilẹ̀kùn iwájú. Kò sí àtẹ̀gùn kankan. Ó fara ti àga, ó wo ibi tí ó kàn án lẹ́sẹ̀, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ lé e. Ìbú ọwọ́ kan sókè orúnkún. Ó bẹ̀rẹ̀, ó yọjú wo abẹ́ ọkọ̀. Ewúrẹ́ kò lè gba ibẹ̀ láì bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n awakọ̀ tó bá mọ ibi tí kòtò wà, tí kò sì kánjú, yóò kọjá.

Ó yíjú sí abẹ́ igi àgbálùmọ̀.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá mi jókòó síbí. Mo fẹ́ wo bí sípíríǹgì rẹ̀ ṣe máa tẹ̀ tí èèyàn bá wà nínú rẹ̀."

"Judith ńkọ́?"

"Judith fúyẹ́ jù."

Judith, ẹni tí kò sí ẹni tó pè é ní fífúyẹ́ rí láti ìgbà ọmọ kejì, la ẹnu. Ó wo ojú ọkọ rẹ̀. Ó pa ẹnu dé. "Òótọ́ ni, Màmá," ó ní. "N ò wúwo tó."

Màmá dìde. Ó tẹ ọ̀pá wá, ó wo àga náà, ó wo ọmọ rẹ̀. Philemon ti lóṣòó ti táyà, ó kẹ̀yìn sí i. Ó gbọ́ tí ọ̀pá fara ti ilẹ̀kùn. Nígbà tí ó fi igun ojú wò, Màmá ti yí ẹ̀yìn sí ọkọ̀, ó sì ti jókòó. Ọmọ etí odò ni Màmá. Bí wọ́n ṣe ń wọ ọkọ̀ ojú omi láti orí pákó nìyẹn nígbà tí ó wà lọ́mọdé: jókòó ná, kí o tó kó ẹsẹ̀ wọlé. Ó kó aṣọ funfun jọ sí kókósẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀ wọlé, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ pupa fún iyẹ̀pẹ̀.

"Ṣé ó tẹ̀?"

"Ó tẹ̀ díẹ̀," ni Philemon wí. Kò rí sípíríǹgì kankan.

Màmá sọ̀kalẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó dúró. Ó tún yí ẹ̀yìn padà, ó tún jókòó, ó tún kó ẹsẹ̀ wọlé, lọ́tẹ̀ yìí kíákíá.

"Gbé àpò mi wá fún mi," ó ní.

Philemon ní òun fẹ́ wà á wò díẹ̀. Ọlátúndé fún un ní kọ́kọ́rọ́, òun àti Judith sì bọ́ sẹ́yìn. "Oríta la máa dé o, ẹ̀gbọ́n. A ó yí padà níbẹ̀."

Ọkọ̀ náà gbéra. Philemon ń tẹ́tí sí jíà, ó dán búréèkì wò. Ó dára. Nígbà tí wọ́n dé ibi kòtò ńlá tó wà níwájú ilé ìfúnpo, ó dẹ ẹsẹ̀, ọkọ̀ sì rọra tẹ̀ síbìkan bí ẹni tó ń kí àgbà. Ìgbà náà ló gbọ́ ọ. Nǹkan dún nínú àpò tó wà lẹ́sẹ̀ Màmá. Ìgò kan ìgò.

Wọ́n tún bọ́ sí kòtò kejì. Ó tún dún.

Philemon mọ ohùn náà. Ohùn náà ló fi dàgbà. Ìgò omi àdúrà kan, ìgò òróró kan, àti ìwé orin tí Màmá máa ń tì sáàárín àbẹ́là kí wọ́n má baà kán: bí ó ṣe máa ń dì í nìyẹn ní gbogbo Sátidé tí àwọn ìyá ìjọ bá ń ṣe ìpàdé àdúrà ní ọ̀sán. Òní ni Sátidé. Ó rántí àpò náà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá Màmá, láti ìgbà ìkórè, dídì, ní Sátidé dé Sátidé, tí òun ń gba ibẹ̀ kọjá, tí òun rò pé àwọn aṣọ àlòkù ló wà nínú rẹ̀.

Ó wo ẹ̀gbẹ́. Màmá ń wo iwájú, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wà pọ̀ jẹ́ẹ́, aṣọ rẹ̀ gún régé dé kókósẹ̀.

"Ibi tí a ti ń yí padà nìyí, ẹ̀gbọ́n," ni Ọlátúndé wí.

Philemon tan iná tí wọ́n fi ń sọ pé ọkọ̀ fẹ́ yà. Ó yà sí ọ̀nà Òde-Ayé.

"Ẹ̀gbọ́n! Ẹ̀gbọ́n, níbo là ń lọ?"

"Fọkàn balẹ̀, ọma mi," ni Màmá wí, kò wẹ̀yìn. "Tí a bá débẹ̀, n ó gbàdúrà fún ọjà rẹ."

Judith bú sẹ́rìn-ín. Philemon di ọwọ́ ọkọ̀ mú, ó sì ń yà fún kòtò lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí ìgò má baà fọ́.